Ẹni Tó Ti Kúrò Níbẹ̀ Ló Ń Ròyìn Iṣẹ́ Burúkú

Níbi tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún bá ti jókòó tí ọ̀rọ̀ sì ti ń tán lẹ́nu wọn, ẹ kàn bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ló burú jù nínú èyí tí wọ́n ti ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tó ti kú á jí. Ẹni tó ti fọ abọ́ nílé oúnjẹ rí á ní tòun ló le jù. Ẹni tó ti kó adìyẹ sínú àgò lóru, tí ìyẹ́ ń wọ ọ́ nímú, á ní irọ́ ni, abọ́ kì í yàgbẹ́ síni lára. Ẹni tó ń fi fóònù pe àwọn tí kò mọ̀ rí láti ta ohun tí wọn ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ á ní kí àwọn méjèèjì fara balẹ̀, wọn ò tíì gbọ́ èébú. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ilé.

Mo fẹ́ràn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti kíyè sí níbẹ̀. Ó máa ń sábà sí ẹnì kan láàárín wọn tí yóò bá wọn rẹ́rìn-ín tí kò ní sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá yíjú sí i, á ní òun ò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìtàn ń bẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún, kò kàn tíì parí ni. Ọ̀la ló tún ń padà síbẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń pariwo, a ti kúrò níbi tí à ń sọ. Ẹ̀rín wa, ẹ̀rín ẹni tó ti bọ́ ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè bá wa rín irú ẹ̀rín yẹn dénú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì há.

Tèmi wá ńkọ́? Mo ti ru ẹrù rí nílé ìkẹ́rùsí. Mo ti fi òru to páálí títí ẹ̀yìn mi fi ń ké, mi ò sì ka ìyẹn kún iṣẹ́ burúkú. Ó rẹ̀ mí, mo sùn, ó tán. Èyí tí mo máa ń gbé wá síbi ìjókòó, orí àga tìmùtìmù ni mo ti ṣe é, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Iṣẹ́ gbígba ìpè àwọn oníbàárà ni. Inú àwọn ará ilé mi dùn nígbà tí mo rí i, wọ́n ń dúpẹ́, torí pé káàdì ń bẹ lọ́rùn mi bí mo bá ń jáde láàárọ̀.

Ohun tí wọn ò rí ni iná kékeré kan tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, iná náà á ní àwọ̀ ewé. Bí ìpè bá parí tí òmíràn ò tíì wọlé, á di àwọ̀ ìyeyè. Bí mo bá sì dìde lórí àga, á di pupa fòò, aago kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ń rí iná gbogbo wa pátá lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọ́n ti fi òǹkà sí ìṣẹ́jú tí a lè lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí iná èèyàn bá pẹ́ ní pupa, ọ̀gá ò ní pariwo mọ́ ọn o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló máa fi ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Títí dòní, bí ẹnì kan bá fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí mi tí kò fi nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e, inú á kọ́kọ́ rìn mí kí n tó rántí pé ọ̀rẹ́ mi ló ń kí mi.

Nígbà tí mo ń kà nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe ìṣáná ní Bow, lápá ìlà-oòrùn London, mi ò retí pé màá bá ara mi níbẹ̀. Nǹkan bí 1,400 òṣìṣẹ́ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró nílé iṣẹ́ Bryant & May ní oṣù keje ọdún 1888. Ohun tí èèyàn mọ̀ jù nípa wọn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fi ń ṣe orí ìṣáná, tó ń jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn títí tí yóò fi jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tún wà nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń rò: owó ìtanràn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á san án. Bí ìṣáná bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n á san án. Bí ẹsẹ̀ wọn bá dọ̀tí ńkọ́? Wọ́n á san án. Bí wọ́n bá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìgbàṣẹ, inú owó iṣẹ́ náà ni wọ́n á ti yọ ọ́. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ ná. Kò sóhun tó jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mi ò sì ní fi ara mi wé wọn láé, ṣùgbọ́n wọ́n ka ìtọ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì ka ìtọ̀ mọ́ èmi náà lára.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí gbà nínú ìjà yẹn ló tún jẹ́ kí n ronú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó ìtanràn ti dópin. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun kò lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1906 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan tó péjọ ní Bern, ní Switzerland, tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fòfin dè é, ó sì di 1910 kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí rẹ̀. Òfin lórí májèlé tó ń pa wọ́n fi ohun tó lé ní ogún ọdún gbẹ́yìn òpin ìwọ̀sí tó ń bí wọn nínú. Èmi ò rò pé àwọn ọmọbìnrin yẹn ò mọ èyí tó léwu jù. Ìwọ̀sí ni wọ́n ń bá jí lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń rí.

Kí n padà sórí àga mi. Ọ̀rọ̀ tí a ó máa sọ fún oníbàárà ti wà nílẹ̀ nínú ìwé, láti orí ìkíni títí dé ìdágbére. Ìyá kan pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí a bá òun yọ orúkọ ọkọ òun kúrò nínú ìwé wa, ó ti kú. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, irú ohùn ẹni tó ti sunkún tán kó tó gbé fóònù. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì bá a ṣe ohun tó fẹ́. Ó wá ku gbólóhùn méjì tí a gbọ́dọ̀ fi parí ìpè gbogbo: pé ṣé ohun mìíràn wà tí a lè ṣe láti mú inú yín dùn lónìí, àti pé ṣé ẹ ó fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀dínwó wa tuntun. Mi ò sọ ìkankan. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, Ọlọ́run á tù yín nínú," mo sì dákẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbé fóònù sílẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ìpè náà lẹ́yìn, wọ́n sì yọ máàkì mi. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ, rí i pé ojú mi ti yí padà.

"Àbúrò, kí ni wọ́n ní o ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mi ò bi opó bóyá inú rẹ̀ dùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ tí a ń dé sétí fi yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó rín in tán, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi máa ń sọ ọ́ kíákíá ni, kó má bàa yé wọn."

Ọgbọ́n tí obìnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nìyẹn. Àánú ṣe mí, kì í sì ṣe ti ara mi. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Arlie Hochschild, ti ṣàlàyé nǹkan yìí láti 1983. Ó lọ bá àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì rí i pé ẹ̀rín ẹnu wọn wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ ń tà. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa rín in kódà fún ẹni tó ń bú wọn. Ó tún lọ bá àwọn tó ń gba gbèsè. Àwọn yẹn, ìbínú ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, ojú tó le ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó fi apá ṣiṣẹ́, apá á ro ó. Ẹni tó fi inú ṣiṣẹ́ ńkọ́? Bó bá délé tí ọmọ rẹ̀ ṣe nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wá ẹ̀rín tì.

Mo mọ ẹni tí yóò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ inú fóònù ò tó ohun tí èèyàn ń ké sí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrántí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1993. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ki ọwọ́ bọ omi tútù, ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún 60 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí wọ́n ki ọwọ́ kejì bọ irú omi kan náà fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n wá fi 30 lé e, ṣùgbọ́n nínú 30 tí wọ́n fi lé e yìí, wọ́n á rọra jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, dé 15. Wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n á fẹ́ tún ṣe. Èyí tó gùn ni ọ̀pọ̀ wọn mú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìyà tó wà nínú ti kúkúrú wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú èènì. Ibi tó ti le jù àti bó ṣe parí ni ọkàn ń gbé pamọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka bó ṣe pẹ́ tó sí.

Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe pẹ̀lú iṣẹ́. Iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún fa èèyàn gbẹ, bí wọ́n bá ti fi ìwúre àti ẹ̀bùn sìn ín jáde, á ní ibẹ̀ ò burú náà. Èyí tí kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tó parí pẹ̀lú ìtìjú ni yóò máa sọ títí ayé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi èyí hàn mí jù. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ wíwọ aṣọ béárì onírun ràpàtà, kó máa dúró níwájú ilé ìtajà kó máa juwọ́ sí èrò. Ó ní orí aṣọ náà wúwo, ẹnu béárì lèèyàn ti ń wo ìta, ẹni tó bá sì gbé e wọ̀ ń fi imú fa òógùn gbogbo ẹni tó ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ni pé béárì kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé yára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbá a nípàá ní ojúgun, wọ́n á dúró wò ó bóyá yóò ké, àwọn òbí wọn á sì máa ya fọ́tò. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, síìpù ẹ̀yìn aṣọ náà há. Ọ̀gá ti tilẹ̀kùn lọ, aṣọ rẹ̀ sì wà nínú ilé. Ó yọ orí béárì, ó fi há abíyá, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé awakọ̀ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, kò bi òun ní nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ kan náà yìí ti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí, ti gbogbo èrò, ní ibùdókọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ yẹn ni yóò pè ní èyí tó burú jù. Ó ní rárá o, òun ì bá tún ṣe é. Ó ní àgbàlagbà tó ń bójú tó wọn níbẹ̀ máa ń pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀, bí omi bá sì dí, òun náà á ká ṣòkòtò sókè bá wọn wọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ ń bọ́ ẹ̀gbin.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1968, òjò ń rọ̀ ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin méjì tó ń kó ìdọ̀tí, Echol Cole àti Robert Walker, sá òjò sẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí wọn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fún ìdọ̀tí pọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fún àwọn méjèèjì pa. Nígbà tó di ọjọ́ 12, nǹkan bí 1,300 òṣìṣẹ́, aláwọ̀ dúdú, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Owó wọn kéré, ọkọ̀ wọn ti gbó, garawa ìdọ̀tí tí wọ́n ń gbé rù ń jò sí wọn lára. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ tí wọn ì bá kọ sára páálí tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọkùnrin ni àwọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun nínú wọn, "ọmọdékùnrin" ni àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun ń pè é. Martin Luther King wá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú oṣù kẹta. Ó ní ẹni tó ń kó ìdọ̀tí wa ṣe pàtàkì bíi dókítà, torí bí kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn á gbòde. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti pa á ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ 16, ìjọba ìlú gbà láti ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà sí, wọ́n sì fi owó kún owó wọn.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún ẹni tó wà lórí àga tìmùtìmù láti máa sọ pé ìdọ̀tí kì í ṣe nǹkan. Nǹkan ni. Ẹ̀yìn dídùn, nǹkan ni. Owó táṣẹ́rẹ́, nǹkan ńlá ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ iyì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí dáadáa tí wọn ò sanwó fún, wọ́n ń yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí èèyàn bá jókòó láti ròyìn, ìwọ̀sí ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sì jọ pé ara pàápàá mọ̀ ọ́n. Ní ìlú London, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1967 lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 17,000 lọ. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, kò sí ẹni tó ń wa kùsà nínú wọn. Nígbà tí Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde ní 1978, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń jíṣẹ́ àti àwọn aṣọ́nà, ń kú nípa àrùn ọkàn ní ìlọ́po 3.6 ti àwọn ọ̀gá òkè. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ apá kan ìdí rẹ̀, wọn ò jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, nawọ́ sí ohun kan: bí ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe ń ṣẹ tó lórí iṣẹ́ ara rẹ̀. Iná pupa orí kọ̀ǹpútà mi ni mo rántí.

Irú iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé kì í ṣe ìdọ̀tí tàbí àárẹ̀ rẹ̀ ló burú jù, asán tó jẹ́ ni. Àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọgbọ́n yìí dáadáa. Ní 1818, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ William Cubitt ṣe àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn lára, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n á máa gun láìdúró, tí kò sì ní gbé wọn débì kankan. Ní àwọn ọgbà kan ó ń lọ ọkà tàbí kó fa omi. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, afẹ́fẹ́ lásán ló ń lọ̀. Òfin 1898 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí kò fi ẹ̀wọ̀n jura rí ní irú àtẹ̀gùn yẹn ní ọ́fíìsì: ó ń kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó ń kà á. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Ó fi ojú ìwé kan náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, ọ̀gá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ìdúpẹ́ yẹn ló lé òun kúrò níbẹ̀.

Ibi tí èrò mi ti kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago. Mo ti sọ pé ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ ló ń ròyìn. Àwọn wọ̀nyí kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì bá wọn lọ.

Láti 1917, ilé iṣẹ́ kan ní Orange, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, ń gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin, àwọn mìíràn nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọdé, láti fi ọ̀dà tó ní rédíọ́ọ̀mù nínú, èròjà kan tí ìtànṣán olóró ń jáde lára rẹ̀, kun òǹkà ojú aago, kó lè máa tàn nínú òkùnkùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé iṣẹ́ ìyà ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n ń fa ara wọn wọ̀ ni. Owó rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ, yàrá mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì máa ń yà, wọ́n sì kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ètè lá a kó lè ṣe ṣóńṣó. Wọ́n á lá a, wọ́n á tì í bọ ọ̀dà, wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún lá a. Bí ilẹ̀ bá ṣú, aṣọ àti irun wọn á máa tàn yòò. Àwọn kan wọ aṣọ ijó wọn wá síbi iṣẹ́ kó lè bá wọn tàn lálẹ́. Àwọn kan fi ọ̀dà náà kun eyín fún eré. Nínú ilé iṣẹ́ kan náà, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń fi ẹ̀mú mú rédíọ́ọ̀mù, wọ́n ń dúró sẹ́yìn òjé. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Egungun ò mọ ìyàtọ̀ láàárín rédíọ́ọ̀mù àti kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun le. Ó gbà á wọlé, ó sì tọ́jú rẹ̀. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń rún, itan ń dá fúnra rẹ̀. Grace Fryer fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1920, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ti bọ́, lójú tirẹ̀. Nígbà tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó gbà á ní ọdún méjì kó tó rí lọ́yà tó lè gba ẹjọ́ rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn pẹjọ́ ní 1927. Ní 1928, ilé iṣẹ́ náà bá wọn parí rẹ̀ níta kóòtù: 10,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti 600 dọ́là lọ́dún níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láàyè. Grace Fryer kú ní 1933. Ìdajì rédíọ́ọ̀mù tó wà nínú egungun wọn nílò nǹkan bí 1,600 ọdún kó tó tán.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní iṣẹ́ kì í pa èèyàn, mo máa ń dákẹ́ ni. Mi ò fẹ́ bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń ṣe sí àwọn tó fẹ́ràn òwe pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ránni níṣẹ́ ló sábà máa ń pa á, kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán, kò sì síbi tó ti ní kí ọ̀gá sọ ọmọ di ẹrú.

Láyé ìsinsìnyí, irú rédíọ́ọ̀mù mìíràn ti dé tí kì í gba ẹnu wọlé. Àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa wo ohun tí wọn ò ní jẹ́ kí àwa tó kù rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn, bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ọmọ. Ní 1 wákàtí, 2 wákàtí, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní 2020, Facebook gbà láti san 52 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún un ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ pé ohun tí àwọn rí ti kó àìsàn bá ọkàn àwọn. Àwọn náà ti kúrò lórí àga. Ojú wọn ńkọ́?

Àwọn àbúrò tó ń wá iṣẹ́ máa ń bi mí ní ìmọ̀ràn, bóyá torí pé mo ti ṣe oríṣiríṣi. Mi ò ní púpọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n tọrọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n wo èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, kì í ṣe ti àlejò. Kí wọ́n wo bí ọ̀gá ṣe ń bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì bi wọ́n pé ẹni tó wà lórí àga yìí tẹ́lẹ̀, ibo ló lọ? Ilé iṣẹ́ tó dáa á dáhùn wẹ́rẹ́: wọ́n gbé e ga, ó lọ kàwé, ó bímọ.

Ọmọbìnrin kan láàárín wọn bi wọ́n lóòótọ́. Ó ní àwọn tó jókòó síwájú òun wo ara wọn, ẹni àárín wá ní, "Ìyẹn ò kàn yín." Mo ní ó ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, owó ilé ń bẹ nílẹ̀, òun sì ti gba iṣẹ́ náà. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ sí ìyẹn. Nígbà tí mo tún pàdé rẹ̀, mo bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ ná. Màá sọ ọ́ fún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́."